Gìtá Tó Ń Pe Ìyá Mi

Ọmọ kì í fẹnu pe oríkì ìyá rẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ní Ìkẹ́rẹ́ nìyẹn. Mo lè kọ orúkọ ìyá mi sórí ìwé níbikíbi tí wọ́n bá ti bèèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n oríkì tí ìyá tirẹ̀ fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ní kékeré, ẹnu mi kò gbọ́dọ̀ gbé e. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pè é bẹ́ẹ̀ nínú ilé wa, bàbá mi ni. Bàbá mi náà kì í sì í pè é níbi tí ènìyàn bá wà, nítorí onítìjú ni. Gìtá ló máa ń bá a pè é.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni bàbá mi láàárín ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, onígìtá ìjọ wa ni. Gìtá oníná pupa kan ló ní, tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí níbi tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ máa ń gbé sí. Ìjọ ló ni áńpù, ìyẹn àpótí tí gìtá máa ń gba inú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Tí àwọn obìnrin bá ń jó bọ̀ wá síwájú láti dúpẹ́, bàbá mi á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà, á máa wo ilẹ̀ bí ẹni tí kò rí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n tí ìyá mi bá ti dé iwájú pátápátá, gìtá á yà kúrò nínú orin díẹ̀, á sọ ohùn mẹ́ta: méjì nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Ìyá mi kò ní wo ibẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ á kàn lọ sí gèlè, á fi kàn án bí ẹni tó fẹ́ tún un ṣe, á sì máa jó lọ.

Ohùn mẹ́ta yẹn bá oríkì ìdajì àwọn obìnrin ìjọ mu, wọ́n sì máa ń fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní, "Ọ̀gá, èwo nínú wa lẹ tún ń pè lónìí?" Bàbá mi á kàn rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí kò mọ ẹni tó ń pè. Ohùn gìtá yẹn rọ̀, ó sì máa ń ha díẹ̀ ní ìparí, bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Mo ti gbọ́ onígìtá púpọ̀ láti ìgbà náà, n kò gbọ́ irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ohun mìíràn tí mo rántí nípa àwọn àárọ̀ yẹn ni iná. Bí a ti ń jọ́sìn lọ́wọ́ ni àwọn tó ń bọ̀ ní ìsìn kejì ń lọ aṣọ nílé. Iná gbogbo àdúgbò á rẹ̀ sílẹ̀ débi pé gílóòbù inú ilé ìjọsìn á pọ́n bí epo, ẹni tó fẹ́ ka Bíbélì á gbé e lọ sẹ́bàá fèrèsé. Inú máa ń bí bàbá mi sí i. Ó máa ń sọ pé lọ́jọ́ kan, a óò ní iná gidi nílùú yìí, àwọn ènìyàn á sì wá gbọ́ gìtá bó ṣe yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ. Ọlọ́jọ́ dé bá a kó tó rí iná gidi náà.

Èmi ló kọ́ ní gìtá nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò ní sùúrù ẹ̀, bọ́ọ̀lù ni tiwọn. Àwọn ará àdúgbò bi í pé kí ni ọmọbìnrin fẹ́ fi gìtá ṣe. Ó dá wọn lóhùn pé ìka ni wọ́n fi ń ta á, kì í ṣe irùngbọ̀n. Nígbà tó kú, ìyá mi gbé gìtá náà fún mi, mo sì gbé e lọ sí Èkó níbi tí èmi àti ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Ara ògiri ló wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tí a kó padà sí Ìkẹ́rẹ́, tí mo rí iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan, ni mo tó tún un nù, tí mo wọ okùn tuntun sí i, tí mo sì lọ bá àwọn akọrin ìjọ wa pé mo ti dé.

Inú wọn dùn sí mi. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ kìíní tí mo bá wọn ta gìtá, mo rí ìyá mi láàárín àwọn àgbà obìnrin, ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ jó bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe dé iwájú, mo ta ohùn mẹ́ta náà. Ọwọ́ rẹ̀ kò lọ sí gèlè. Ó yíjú wò mí, ó wò mí bí ìgbà tí mo fọ́ àwo ọbẹ̀ ní kékeré, ó sì kọjá.

Nígbà tí mo dé ilé rẹ̀ lọ́sàn-án, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ta ló pè mí ní ṣọ́ọ̀ṣì lónìí?"

"Gìtá ni, Màámi."

"Gìtá a máa dá sọ̀rọ̀? Ùwọ lo pè mí."

"Ẹ má bínú. Bí Bàámi ṣe máa ń pè yín ni mo ṣe pè yín."

"Kè é ṣe òun. Tó bá jẹ́ òun ni, mo máa mọ̀. Ọmọ tí mo bí ló dúró sínú ulé Ọlọ́run, tó ń pe oríkì mi." Ó ju òkúta wẹ́wẹ́ kan dànù láti inú ẹ̀wà náà. "Ẹni tó pè mí yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n."

Mo rẹ́rìn-ín níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo ti ń lọ sílé, ó dùn mí wọra. Ohun tó sọ yé mi dáadáa. Tí ohùn náà bá jẹ́ ti bàbá mi, gìtá ló pè é, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Tí kò bá jẹ́ tirẹ̀, èmi ọmọ tí kò mọ ìwà hù ni mo la ẹnu mi pè é. Kò sí àárín méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá sì parí síbẹ̀, tí kì í bá ṣe ti àbúrò mi obìnrin tó wà ní Kánádà. Ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé tí yóò fi mú ìyá wa lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kí wọ́n lè bá a tọ́jú orúnkún rẹ̀. Gbogbo wa la fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tó wọ bàálù lọ sí ìlú òtútù, ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò padà wá? Mo pinnu pé kó tó lọ, bàbá mi máa pè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí wọ́n bá ní alágídí ni mí, n kò ní jiyàn. Ìyá mi ló bí mi.

Okùn gìtá ni mo kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn. Mo pààrọ̀ wọn, mo ra irú èyí tó nípọn, mo tún ra irú èyí tó tín-ín-rín. Mo gbé áńpù kékeré mi lọ sí pálọ̀ ìyá mi, mo ta ohùn mẹ́ta náà. Ó ní ẹni tó pe òun yẹn ti yó jù. Mo wá rò ó pé bóyá gìtá bàbá mi ló ti darúgbó, mo lọ sí Èkó, mo ra funfun kan tí ara rẹ̀ ń dán. Gbogbo owó àjọ mi ló gbé lọ. Ìyá mi ní, "Èyí ń fi umú sọ̀rọ̀." Mo ra pẹ́dà, àwọn àpótí kéékèèké tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tí wọ́n lè mú kí ohùn jìnnà tàbí kí ó gbọ̀n. Ìyá mi ní inú kànga ni ẹni náà ti ń pe òun, kí wọ́n tètè wá ẹni tó máa fà á jáde.

Mo ṣàkíyèsí ohun kan: kò bá mi wí mọ́ pé mo pe oríkì òun. Ó ti di adájọ́. Tí mo bá ti ń gbé ẹrù mi wọlé, á gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ lé àpótí ìtìsẹ̀, á sì tẹ́tí. Mo rò pé òun náà fẹ́ gbọ́ ọ.

Nígbà tó yá, mo ta ilẹ̀ kékeré kan tí mo ní lójú ọ̀nà Adó, mo fi ra áńpù ńlá. Fídíò tí mo wò lórí fóònù ló kó sí mi lórí. Òyìnbó kan ló ń ta gìtá nínú rẹ̀, ohùn náà sì ń ha ní ìparí bí ti bàbá mi. Nígbà tí wọ́n já áńpù náà kúrò nínú ọkọ̀, ọkọ mi jáde, ó yí i po, ó fọwọ́ kan orí rẹ̀ bí ẹni tó ń wo àgbò ọdún.

"Ìyá àwọn ọmọ, ṣé ohùn lò ń wá ni, àbí wúrà?"

"Ohùn ni."

"Ilẹ̀ kì í jẹrà. Èyí máa bàjẹ́."

"Tó bá bàjẹ́, ẹ bá mi tún un ṣe."

Lọ́jọ́ kejì, ó bá mi gbé e lọ sílé ìyá mi láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Mo ta ohùn mẹ́ta, gíláàsì fèrèsé gbọ̀n jìnnìjìnnì, ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀ lẹ́yìnkùlé dìde. Ìyá mi bo etí. Ó ní, "Kí ni mo ṣe fún eléyìí? Ó ń bá mi jà." Ọkọ mi lọ sí ìta láti lọ rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ẹkún ló fẹ́ gbọ̀n mí, kì í ṣe nítorí ilẹ̀.

Ibi tí mo ti ń ká wáyà lọ́jọ́ náà ni ọgbọ́n ti sọ sí mi lọ́kàn. Gìtá bàbá mi wà lọ́wọ́ mi. Ìka bàbá mi ló kọ́ ìka mi. Ohun kan ṣoṣo tí n kò ní ni áńpù ìjọ. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà. Wọ́n ní nígbà tí ìjọ ra ohun èlò tuntun, wọ́n fi àwọn ti àtijọ́ ta àwọn ìjọ kéékèèké lọ́rẹ, wọ́n sì rò pé áńpù náà lọ sí abúlé olóko kan lójú ọ̀nà Ìsẹ̀ sí Èmùré. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo wọ ọkọ̀ èrò. Ẹ̀yìn ni wọ́n há mi sí, láàárín obìnrin kan tó gbé ọmọ àti àpò gààrí tí olóhun rẹ̀ kò sí nítòsí. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ní oríta abúlé náà, mo fi ọ̀kadà parí rẹ̀.

Alàgbà ìjọ náà ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo wo òkè, mo wo ilẹ̀, n kò rí áńpù. Mo ṣàlàyé bí ó ṣe rí. Ó ronú títí, ó ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ àwọn. Ìgbà tí mo fẹ́ padà ni ojú mi bọ́ sára tábìlì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Wọ́n ti da aṣọ funfun olójú wẹ́wẹ́ bò ó, wọ́n gbé òdòdó oníke lé e. Mo ká etí aṣọ náà sókè.

"Bàbá, áńpù tí mo wí rè é."

"Tábìlì òdòdó wa nìyẹn."

"Áńpù ni, bàbá."

Ó tẹ̀ ba, ó wò ó. Ó ní, "Ó ti ń bá wa jọ́sìn láti ọjọ́ yìí wá, kò sì sọ ẹni tó jẹ́."

Mo ní kí wọ́n tà á fún mi. Ó mi orí. Ó ní ohun tí wọ́n ti gbàdúrà lé lórí nínú ilé Ọlọ́run, wọn kì í tà á, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní èyí tó dára jù lè fi rọ́pò. Bí áńpù ńlá tí mo ta ilẹ̀ rà ṣe di ti ìjọ abúlé nìyẹn. Lọ́jọ́ tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ níwájú, gbogbo ìjọ sì gbàdúrà fún mi gẹ́gẹ́ bí ọlọ́rẹ tó láàánú. Mo ṣe àmín kíkankíkan. Ojú mi wà lára tábìlì òdòdó wọn.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún irú rẹ̀ ṣe ní Adó ni mo gbé áńpù àtijọ́ náà gbà. Kì í ṣe bí áńpù òde òní. Àwọn gílóòbù kéékèèké ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n máa ń gbóná, tí wọ́n sì máa ń pọ́n bí ẹyin iná kó tó lè sọ̀rọ̀. Díẹ̀ nínú wọn ti jó, a sì ní láti ránṣẹ́ sí Èkó fún òmíràn, àwọn ará Èkó náà sì ní láti ránṣẹ́ sókè òkun. Nígbà tó ṣe tán, atúnáńpù náà kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ ti wáyà rẹ̀ bọ ihò iná ara ògiri lásán láé, pé iná Ìkẹ́rẹ́ yóò pa á. Kò tilẹ̀ yẹ kó wí i. Ta ló ń ra ohun olówó iyebíye sílé nílẹ̀ wa, tí kò ní ra sitebiláísà tì í? Fíríìjì ní tirẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ní tirẹ̀. Iná tó bá kéré, sitebiláísà á gbé e sókè. Èyí tó bá pọ̀ jù, á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Mo ra èyí tó tóbi jù lọ ní ọjà, ó wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì. Mo sọ fún un pé kó máa ṣọ́ áńpù bàbá mi bí ẹyin.

A gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí pálọ̀ ìyá mi. Gìtá pupa, áńpù àtijọ́, sitebiláísà. Mo dúró kí àwọn gílóòbù náà gbóná. Mo ta ohùn mẹ́ta.

Ìyá mi gbé orí sókè. Mo rí i pé nǹkan kan kọjá lójú rẹ̀.

"Tún un pè."

Mo tún un pè.

Ó mi orí. "Àbúrò rẹ̀ nìyẹn."

"Màámi."

"Wọ́n jọra. Ilé kan náà ni wọ́n ti wá. Àmọ́ ara eléyìí dá jù. Kò tíì mọ ùyà."

Ọkọ mi ní àbúrò náà kò burú, pé tí ẹ̀gbọ́n kò bá sí nílé, àbúrò ni wọ́n ń kí. Mo ní kì í ṣe àbúrò ni mo ta ilẹ̀ tìtorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú mi dùn lọ́jọ́ náà, ìdùnnú tó ń bani lẹ́rù. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà, kí n kan ilẹ̀kùn ló kù.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìyà. Mo tú okùn tuntun, mo wọ okùn tó ti dógùn-ún. Mo gbé áńpù sí igun yàrá, mo gbé e sí àárín, mo kọjú rẹ̀ sí ògiri. Mo gba àyè lọ́wọ́ ìjọ, mo lọ ta á nínú ilé ìjọsìn àtijọ́ tí àwọn ọmọdé ń lò báyìí, ní ibi tí bàbá mi máa ń dúró sí gan-an. Mo jókòó ta á, mo dúró ta á, mo wo ilẹ̀ ta á. Mo fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ìyá mi, ó ní kí n yéé dààmú òkú. Síbẹ̀, tí ọ̀sẹ̀ bá yípo tí n kò gbé gìtá wá, á ní, "Àbúrò ọkọ mi ńkọ́?"

Ìwé ìrìnnà jáde. Àbúrò mi ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó di pé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni a ó gbé ìyá wa lọ sí Èkó láti wọ bàálù. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ṣáájú rẹ̀, ìjọ gbàdúrà fún un, àwọn ará ilé wá kí i, wọ́n jẹun, wọ́n sì lọ. Ìrọ̀lẹ́ ti dé nígbà tí ilé dá páropáro. Ìyá mi wọ yàrá lọ láti lọ wo àpótí rẹ̀ bóyá ó gbàgbé nǹkan. Mo ní kí ọkọ mi bá mi gbé ẹrù mi sílẹ̀ láti inú mọ́tò.

"Lónìí náà?" ni ó bi mí.

"Lónìí gan-an."

Irú àkókò yẹn ni gbogbo òpópónà wọn máa ń lọ yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ fún ọjọ́ Ajé. Ẹni tí kò lọ aṣọ ń fi ẹ̀rọ fa omi láti inú kànga. Òpópónà àtijọ́ ni, wáyà tó gbé iná wá síbẹ̀ ti gbó, ẹrù iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún un. Mo so gbogbo nǹkan mọ́ra, mo tan sitebiláísà. Ó dún, ká, ká, ká, ó gbìyànjú láti gbé iná sókè, kò lè gbé e, ó sì pa ara rẹ̀. Mo tún un tàn. Ká, ká, ká. Ó tún kú. Mo pa fíríìjì, mo pa fáànù, mo bẹ̀ ẹ́. Ó kọ̀ jálẹ̀.

Ọkọ mi ní iná ti kéré jù fún un, kí a dúró kí àwọn ènìyàn lọ aṣọ wọn tán. Mo ní ìyá mi yóò ti sùn nígbà náà. Ó ní kí a lọ gbé jẹnẹrétọ̀ wa wá láti ilé. Mo rò ó wò: kí a lọ, kí a wá epo, kí a padà. Ìbínú ru bò mí lójú. Gbogbo ohun tí mo ti ná, gbogbo ọ̀nà tí mo ti rìn, ó wá di pé àpótí irin kan ń sọ fún mi pé iná kò tó. Mo fa wáyà áńpù yọ kúrò lára sitebiláísà, mo tì í bọ ihò iná ara ògiri lásán.

"Ó máa jó," ni ọkọ mi wí.

"Kó jó."

Kò jó. Àwọn gílóòbù inú rẹ̀ pọ́n díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìlọ́ra. Mo dúró pẹ́ kí n tó gbọ́ èémí rẹ̀ nínú sípíkà. Mo gbé gìtá kọ́ ọrùn. N kò fi ìbínú ta á. Ìbínú ti tán nínú mi, ó rẹ̀ mí. Mo ta ohùn mẹ́ta náà, méjì nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè.

Ó rọ̀. Ó ha ní ìparí. Mo gbójú sókè wo ọkọ mi, òun náà ń wo òkè, ó ń wo gílóòbù àárín pálọ̀. Gílóòbù náà pọ́n bí epo.

Ìgbà náà ni mo rí gbogbo rẹ̀: ilé ìjọsìn wa láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo ìlú ń lọ aṣọ, ẹni tó ń ka Bíbélì lẹ́bàá fèrèsé. Ebi iná ló ń pa áńpù náà, ebi náà ló sì rọ ohùn rẹ̀. Èmi wá lọ fi owó gidi ra ẹ̀ṣọ́ tí kò jẹ́ kí ebi pa á. Bàbá mi, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ bú iná náà, kò mọ̀ pé òun àti iná yẹn ni wọ́n jọ ń pe ìyàwó òun.

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí sílẹ̀. Mo rí ìyá mi láti ibi tí mo dúró sí. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, àpótí rẹ̀ wà ní ṣíṣí níwájú rẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà láàárín orí rẹ̀. Kò sí gèlè níbẹ̀, irun funfun lásán ni, ọwọ́ náà sì ń wá a káàkiri. Nígbà tí kò rí i, ó tẹ̀ síwájú, ó tú àwọn aṣọ tí a ti tò dáadáa sínú àpótí, ó fa gèlè kan yọ, ó wé e. Kò kánjú. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó rìn wá sí pálọ̀, ó jókòó sórí àga rẹ̀. Kò wò mí. Ibi tí áńpù wà ló ń wò.

"Ó pẹ́ o," ni ó wí.

Èmi kọ́ ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Mo wo ilẹ̀, mo tún un pè. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí gèlè. Mo ń pè é, ó ń fọwọ́ kan gèlè, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ, ọkọ mi sì jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, ó gbé fìlà rẹ̀ lé orúnkún.

Ilẹ̀ ń ṣú lọ. Àwọn ará òpópónà ń lọ aṣọ wọn tán lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí i tí gílóòbù òkè ń funfun bọ̀ díẹ̀díẹ̀, n kò sì rí nǹkan kan ṣe sí i. Nígbà tí iná dé bí ó ti yẹ kó dé, tí gbogbo pálọ̀ mọ́lẹ̀ kedere, mo ta á lẹ́ẹ̀kan sí i. Àbúrò ló dáhùn.

Ìyá mi gbọ́ ọ. Ó tú gèlè náà, ó ká a dáadáa lórí itan rẹ̀, ó sì nà án sí mi.

"Ó ti lọ," ni ó wí. "Wá bá mi ti àpótí yẹn."